Opó yẹn ò kúrò lẹ́nu ọ̀nà

Ẹ káàárọ̀ o ẹ̀yin ará, ṣé a jí dáadáa? Lúùkù 18:1-8 la ń kà láàárọ̀ yìí, ìtàn opó tó ń lọ bá adájọ́ tí ò bẹ̀rù Ọlọ́run tí ò sì ka èèyàn sí, ó lọ ó tún lọ títí ọ̀rọ̀ ẹ̀ fi sú adájọ́ yẹn.

Bí mo ṣe ń kà á, àwọn obìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ọdún 1833 ló wá sí mi lọ́kàn. Wọn ò lẹ́tọ̀ọ́ àtidìbò, kò sóbìnrin kankan ní pálíámẹ́ǹtì, síbẹ̀ wọ́n ń ti ojúlé bọ́ sí ojúlé, wọ́n ń gba orúkọ sínú ìwé ẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n dá àwọn ẹrú sílẹ̀. Ìwé kan ṣoṣo, orúkọ tó lé ní 187,000! Ọkùnrin mẹ́rin ló gbé e wọlé aṣòfin kí aṣòfin kan, Thomas Fowell Buxton, tó gbé e kalẹ̀. Wọ́n ṣòfin náà lọ́dún yẹn. (Àwọn tó ni ẹrú gba 20 mílíọ̀nù pọ́n-ùn owó gbà-má-bínú, ẹrú ò gba kọ́bọ̀, ó ṣì ń dùn mí.)

Kì í ṣe ọjọ́ kan o. Lọ́dún 1791 tí Wilberforce, aṣòfin bíi ti Buxton, gbé àbá ẹ̀ wá pé kí wọ́n fòfin de òwò ẹrú, 163 ló ní àwọn ò gbà, 88 péré ló gbà. Ó tún gbé e wá, wọ́n tún dà á nù, ó di 1807 kí 283 tó gbà tí 16 kọ̀. Òfin yẹn gan-an ò dá ẹrú kankan sílẹ̀ lóko, òwò yẹn nìkan ló fòfin dè, àmọ́ torí ẹ̀ làwọn ọmọ ogun ojú omi wọn ṣe ń ṣọ́ òkun, àwọn ló sì dá ọkọ̀ Potogí kan tó kẹ́rú kúrò l'Ékòó dúró lọ́dún 1822, tí ọmọ Òṣogùn kan, Àjàyí, wà níbẹ̀. Àjàyí Crowther náà ni, tó wá ṣíwájú àwọn tó túmọ̀ Bíbélì tí mo ṣí sílẹ̀ yìí.

Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà:

Bàbá, ẹ̀bẹ̀ tí wọ́n ti dà padà fún mi lẹ́ẹ̀mẹwàá, fún mi lókun kí n tún gbé e wá.

Olúwa, àwọn ọmọ wa tí wọ́n tàn lọ sí Líbíà, àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ tí wọ́n ń lù nínú ilé, yọ wọ́n, kó o sì jẹ́ kí n fọwọ́ sí ìwé tiwọn.

Ní orúkọ Jésù. Àmín.