Ẹ̀pẹ́, Ìlú Etí Ọ̀sà: Omi, Ogun àti Ẹja

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bí omi Ẹ̀pẹ́ ṣe rí. Ẹni tí kò bá mọ ibi tí omi náà ti wá àti ibi tó ń lọ, kò lè mọ ìdí tí ọba tí wọ́n lé kúrò l'Ékòó fi forí lé ibẹ̀, kò sì lè mọ ìdí tí ẹja ibẹ̀ fi yàtọ̀ sí ti Èkó.

Ọ̀sà mẹ́ta ló so kọ́ra wọn láti Èkó lọ sí ìhà ìlà-oòrùn. Ọ̀sà Èkó ló ṣáájú, òun ló sì ní ẹnu sí òkun, níbi tí ọkọ̀ ńláńlá ń gbà wọ èbúté. Ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ ló tẹ̀lé e. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀sà Lẹ́kí, tí ojú omi rẹ̀ tó nǹkan bí 247 kìlómítà onígun mẹ́rin. Odò Ọ̀ṣun àti àwọn odò mìíràn láti ilẹ̀ òkè ló ń tú omi dídùn sí i. Omi iyọ̀ láti òkun máa ń wọlé sí ọ̀sà Èkó dáadáa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ṣùgbọ́n kó tó dé Ẹ̀pẹ́, agbára rẹ̀ ti dín kù. Tí òjò bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ gidi, omi odò á lé ìwọ̀nba iyọ̀ tó kù padà. Ìdí nìyí tí ẹja omi dídùn fi pọ̀ l'Ẹ́pẹ̀ẹ́. Ọ̀sà yìí kò jìn púpọ̀. Ibi tó pọ̀ nínú rẹ̀ kò ju mítà mẹ́ta lọ, a sì rí ibi tí ọ̀pá atukọ̀ lè kan ilẹ̀.

Ìhà àríwá ọ̀sà náà ni ìlú wà, lórí ilẹ̀ tó ga díẹ̀ tó sì dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ wá sí etídò. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni Ìjẹ̀bú-Òde, tí kò ju nǹkan bí 30 kìlómítà lọ. Iwájú rẹ̀ ni omi, òdìkejì omi sì ni ilẹ̀ iyanrìn tóóró tó ya ọ̀sà sọ́tọ̀ kúrò lára òkun, níbi tí Lẹ́kí àti Palma wà. Nítorí náà, epo pupa tó bá ti ilẹ̀ Ìjẹ̀bú wá ní ọ̀nà méjì láti Ẹ̀pẹ́: kí ó wọ ọkọ̀ lọ sí Èkó ní ìwọ̀-oòrùn, tàbí kí ó sọdá sí Palma àti Lẹ́kí kí àwọn oníṣòwò òyìnbó rà á ní etí òkun. Gbogbo ìtàn ìlú yìí láàárín ọdún 1851 sí 1892 dá lórí ọ̀nà méjì yẹn.

Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé ọdẹ kan tó ń jẹ́ Húráká, tó ti Ilé-Ifẹ̀ wá tó sì fi Pókà ṣe ibùdó, wà lára àwọn tó tẹ ibẹ̀ dó. Àwọn mìíràn láti ilẹ̀ Ìjẹ̀bú tún wá bá wọn. Ìdílé wọn ni à ń pè ní Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ títí dòní, abẹ́ àṣẹ Awùjalẹ̀ sì ni wọ́n wà nígbà náà.

Ní òpin oṣù Kejìlá ọdún 1851, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi àgbá lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò lórí ìtẹ́ Èkó, wọ́n sì dá Akítóyè, ọba tó jẹ ṣáájú rẹ̀, padà. Kòsọ́kọ́ gba ojú omi sá lọ. Awùjalẹ̀ gbà á láyè láti jókòó sí Ẹ̀pẹ́. Àwọn ìjòyè rẹ̀ bíi Òṣòdì Tápà tẹ̀lé e, àwọn jagunjagun pẹ̀lú ọkọ̀ ogun wọn náà sì tẹ̀lé e. Àtọmọdọ́mọ àwọn wọ̀nyí ni Èkó-Ẹ̀pẹ́. Látìgbà yẹn ni ìlú kan ṣoṣo ti ní ìran méjì, ìṣèjọba méjì àti ọba méjì: Olú Ẹ̀pẹ́ fún ti Ìjẹ̀bú, Ọlọ́jà fún ti Èkó.

Ọ̀pọ̀ ìwé ka Ẹ̀pẹ́ sí ibi ìsásí lásán, bí ẹni pé Kòsọ́kọ́ kàn lọ jókòó síbẹ̀ tó ń káàánú ara rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1853, àwọn ènìyàn rẹ̀ gba ojú ọ̀sà lọ kọlu Èkó, wọn kò sì rí i gbà. Nígbà tí ìyẹn kò bọ́ sí i, òwò ló yíjú sí. Ẹni tó bá di Ẹ̀pẹ́ mú ló di ẹnu ọ̀nà epo Ìjẹ̀bú mú, Palma sì di èbúté tó ń bá Èkó du oníbàárà. Ohun tó gbé aṣojú ọba Gẹ̀ẹ́sì, Benjamin Campbell, wá sí Ẹ̀pẹ́ nìyẹn. Wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn ní 28 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1854. Kòsọ́kọ́ gbà pé òun kò ní gbìyànjú láti fi ogun gba Èkó mọ́, àti pé òun yóò fi òwò ẹrú sílẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà gbà pé Kòsọ́kọ́ ló ni èbúté Palma àti Lẹ́kí.

Wọ́n tún ṣèlérí owó ọdọọdún fún un: 2,000 orí owó ẹyọ, tàbí 1,000 dọ́là, èyí tó bá wù ú. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ lọ́nà tiwa. Orí kan jẹ́ ẹgbàá owó ẹyọ, ẹgbàá mẹ́wàá sì ni ọ̀kẹ́ kan. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ igba ọ̀kẹ́, ọ̀kẹ́ kan sì tó ẹrù tí ọkùnrin alágbára kan lè rù. Ìjọba tó gbà láti kó igba ẹrù owó fún ẹni tó lé kúrò nílùú lọ́dọọdún mọ iye tí ẹni náà lè bà jẹ́ fún òun bí kò bá fún un.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó lọ́wọ́ Ọba Dòsùnmú, ọmọ Akítóyè, ní 1861. Ní 1862, Kòsọ́kọ́ padà sílé. Wọ́n ń san £400 fún un lọ́dún, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ Palma àti Lẹ́kí sílẹ̀ fún ìjọba ní 1863, ó sì kú ní 1872. Òṣòdì Tápà àti àwọn èèyàn rẹ̀ tí wọ́n jọ padà gba ilẹ̀ àgbolé mọ́kànlélógún ní Erékùṣù Èkó. Àdúgbò náà ni Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, ibẹ̀ sì ni wọ́n bí Lateef Jakande, tó ṣe gómìnà Ìpínlẹ̀ Èkó nígbà kan, sí ní 1929. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo èèyàn ló padà. Àwọn kan tí kò fẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dúró sí Ẹ̀pẹ́, èyí sì fa kí ọmọ ogun Èkó wá kọlu ìlú náà ní 1863.

Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n lẹ́yìn ìyẹn, omi kan náà tún gbé ogun wá. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1892, Colonel Francis Scott kó ọmọ ogun láti Èkó, wọ́n gba ojú ọ̀sà, wọ́n gúnlẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́, wọ́n sì fẹsẹ̀ rìn gòkè lọ sí Ìmàgbọn níbi tí wọ́n ti ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú. Ọ̀nà tí epo ń gbà sọ̀kalẹ̀ ni ìbọn gbà gòkè.

Ẹ̀sìn Ìsìláàmù rinlẹ̀ láàárín Èkó-Ẹ̀pẹ́, nítorí Mùsùlùmí pọ̀ nínú àwọn tó bá Kòsọ́kọ́ wá. Ọdún Káyó-káyó tí wọ́n ń ṣe lẹ́yìn Iléyá lọ́dọọdún ni wọ́n fi ń rántí ìgúnlẹ̀ Kòsọ́kọ́ àti àwọn èèyàn rẹ̀. Ẹran iléyá ṣì wà nílé, àwọn ọmọ ìlú tó wà l'Ékòó ti wálé, gbogbo ilé á sì máa se oúnjẹ fún àlejò.

Ẹja la wá máa sọ nísinsìnyí, nítorí òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ Ẹ̀pẹ́ mọ́. Ọjà Olúwo ni ibi tí wọ́n ti ń tà á jù, pẹ̀lú ìgbín, ọ̀nì àti ẹran ìgbẹ́.

Àwọ̀n, ìwọ̀ àti ìgèrè ni irinṣẹ́. Ìgèrè ni agbọ̀n gígùn tí wọ́n hun tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀, tí wọ́n wá fi ọ̀pá wẹ́wẹ́ ṣe ọ̀fun tóóró sínú rẹ̀, kí ẹja lè wọlé kó má lè jáde. Ó yẹ kí ọ̀fun yẹn rọ̀ díẹ̀. Bó bá le jù, ẹja ńlá kò ní wọlé. Bó bá sì rọ̀ jù, èyí tó ti wọlé á fi orí tì í jáde. Ojú àwọ̀n ló ń fa wàhálà jù. Bí ojú rẹ̀ bá kéré, ọmọ ẹja tí kò tíì yé ẹyin rí ló ń kó, owó tó ń wọlé lónìí ni wọ́n á sì fi wá ẹja lọ́la tí wọn kò ní rí.

Òbòkún ní egungun mímú mẹ́ta: ọ̀kan lẹ́yìn, méjì lábẹ́ ìyẹ́. Apẹja tó mọṣẹ́ á kọ́kọ́ ṣẹ́ wọn kó tó ju ẹja sínú ọkọ̀, torí ọgbẹ́ rẹ̀ máa ń ro èèyàn fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Òbòkún kì í pẹ́ kú tó bá kúrò nínú omi, ó sì ń yára bàjẹ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá mú un ni kó wọ yìnyín tàbí kó dé orí ààrò. Àrọ̀ ní tirẹ̀ lè mí afẹ́fẹ́, nítorí náà a lè gbé e láàyè dé ọjà nínú bàsíà tí omi inú rẹ̀ kò pọ̀.

Láti yan àrọ̀, ẹ fi iyọ̀ àti eérú fọ ohun yíyọ̀ tó wà lára rẹ̀ dànù, ẹ yọ ìfun rẹ̀, ẹ ká a kí ìrù rẹ̀ bọ́ sí ẹnu, kí ẹ sì fi igi tínrín gún un kó má baà tú. Kí omi ara rẹ̀ ro dànù kó tó dé orí wáyà. Ẹ̀yin iná àti èéfín ló ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe ọwọ́ iná. Bí iná bá le ní ìbẹ̀rẹ̀, awọ ẹja á gbẹ koránkorán, omi inú á sì há síbẹ̀. Ẹja náà á dára lójú lọ́jọ́ kìíní, ṣùgbọ́n kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ó ti hu funfun nínú, kòkòrò sì ti dé ibi egungun orí. Èyí tí wọ́n fẹ́ tọ́jú fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan máa ń gba ọjọ́ méjì lórí ẹ̀yin iná pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ́pẹ́, wọ́n á sì máa yí i.

Ohun tó ń dààmú ọ̀sà báyìí ju ẹyọ kan lọ. Láti bí 1984 ni ewéko orí omi tó ń yọ òdòdó elésè àlùkò ti gba ọ̀nà Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) àti Àgbádárìgì wọ omi Èkó. Iyọ̀ ló ń pa á. Ní apá Èkó, ẹ̀ẹ̀rùn máa ń dín in kù. Ní apá Ẹ̀pẹ́ tí omi rẹ̀ dùn, ohun tó lè pa á kò pọ̀, ó máa ń dí ẹnu odò, ó ń fa àwọ̀n ya, ó sì ń wé mọ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀. Fífa yanrìn ló burú jù lójú tèmi, torí ewéko ṣeé kó, ṣùgbọ́n kòtò tí ẹ̀rọ gbẹ́ sí ìsàlẹ̀ omi níbi tí ẹ̀pìyà ń yé ẹyin sí kò ṣeé dí padà. Ẹrẹ̀ tó ń rú sókè náà ń bo ẹyin mọ́lẹ̀.

Ọ̀nà ọkọ̀ tó ti Lẹ́kí wá ti yí ọjà padà pẹ̀lú. Àwọn oníbàárà ń fi mọ́tò wá láti Èkó ní òpin ọ̀sẹ̀, wọ́n sì pọ̀ ju ohun tí ọ̀sà lè pèsè lọ, nítorí náà ẹja ọ̀sìn ti dara pọ̀ mọ́ tinú ọ̀sà lórí àtẹ. Kò burú láti jẹ ẹ, ṣùgbọ́n iye owó wọn kò yẹ kó dọ́gba. Bí àrọ̀ inú bàsíà kan bá gùn dọ́gba bí ẹni wọ̀n wọ́n, tí ikùn wọn sì sanra, inú adágún ọ̀sìn ni wọ́n ti wá. Ti ọ̀sà kì í dọ́gba: ńlá àti kékeré á wà pọ̀, ara wọn á gùn tẹ́ẹ́rẹ́, ọ̀rá ikùn wọn kì í sì í pọ̀. Ẹ ní kí wọ́n la ọ̀kan lójú yín kí ẹ tó san owó.