Fíríìjì Sólà Lábúlé: Òtútù Ni Kí Ẹ Tọ́jú

Ẹ káàbọ̀. Ní ọ̀pọ̀ abúlé wa, ẹni tó bá ra ẹja tútù láàárọ̀ ọjọ́ ọjà ti mọ̀ pé kó tó dalẹ́, àfi kóun dín in tàbí kóun yan án. Kì í ṣe pé fíríìjì ò wù wọ́n. Iná tó máa gbé e ni kò ṣeé gbọ́kàn lé, apá ò sì ká epo jẹnẹrétọ̀ mọ́. Ló bá di ọ̀rọ̀ sólà.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kọ́kọ́ ń ṣe ni pé wọ́n á mú fíríìjì tó ń lo iná NEPA, wọ́n á ní kí oníṣẹ́ iná fi bátìrì àti ínfátà, ẹ̀rọ tó ń sọ iná bátìrì di irú iná NEPA, gbé e. Ó lè ṣiṣẹ́ o, àmọ́ ó wọ́n. Bí kọ̀mpúrẹ́sọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń mú inú irú fíríìjì bẹ́ẹ̀ tutù, bá fẹ́ gbéra, iná tó máa fà lójú ẹsẹ̀ máa ń tó ìlọ́po mélòó kan èyí tó ń lò bó bá ti ń ṣiṣẹ́ lọ. Torí ìṣẹ́jú àáyá kan yẹn lẹ ṣe máa ra ínfátà ńlá. Ínfátà ọ̀hún fúnra rẹ̀ tún ń jẹ iná tọ̀sán tòru, kódà bí fíríìjì bá ń sinmi.

Èyí tó bá sólà mu ni fíríìjì DC, èyí tó ń lo iná bátìrì ní tààrà, ní fólítì 12 tàbí 24. Kò nílò ínfátà rárá. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ ra èyí tí ìdérí rẹ̀ wà lókè bíi ti fírísà. Afẹ́fẹ́ tútù wúwo ju èyí tó gbóná lọ: bẹ́ ẹ bá ṣí ìlẹ̀kùn èyí tó dúró lóòró, gbogbo òtútù á ṣàn dà sí yín lẹ́sẹ̀, bẹ́ ẹ bá ṣí ìdérí, á jókòó sísàlẹ̀ níbi tó wà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ká ní fíríìjì kékeré kan ń lo wáàtì 50, tó sì ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí 12 nínú 24, torí ó máa ń sinmi bó bá ti tutù tó. Bẹ́ ẹ bá fi wákàtí sọ wáàtì di ìlọ́po, wáàtì-wákàtí 600 nìyẹn lójúmọ́. Pánẹ́ẹ̀lì wáàtì 300, bí oòrùn bá mú dáadáa fún wákàtí mẹ́rin, á mú 1,200 wá. Ẹ yọ ìdá kan nínú mẹ́rin fún ooru, eruku àti wáyà, ó ku 900. Nínú òjò oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ, tí oòrùn tó jọjú lè máà ju wákàtí mẹ́ta lọ, ẹ ṣì máa rí 675. Ẹni tó bá sọ fún yín pé pánẹ́ẹ̀lì wáàtì 100 ti tó, ó ń tàn yín ni.

Alẹ́ ńkọ́? Ibí gan-an lọ̀rọ̀ wà. Mi ò bá àwọn tó ń ta bátìrì jà o, àmọ́ bátìrì ló máa ń kọ́kọ́ kú, pàápàá bátìrì ọkọ̀, tí wọn ò ṣe fún kéèyàn máa fa iná inú rẹ̀ gbẹ lójoojúmọ́. Ẹ ra bátìrì sólà tó mọ níwọ̀n, kẹ́ ẹ wá fi yìnyín ràn án lọ́wọ́, torí òtútù fúnra rẹ̀ ṣeé tọ́jú pamọ́. Kílò yìnyín kan, kó tó yọ́ tán, á ti fa ooru tó tó wáàtì-wákàtí 93 mọ́ra. Báàgì páyọ̀ wọ́tà kan ní ọ̀rá 20, ìdajì lítà lọ́kọ̀ọ̀kan: kílò 10 gbáko. Bó bá ti dì gbagidi, ó tó ohun tó máa mú inú fíríìjì kékeré tutù mọ́jú. Ẹ má kàn kó gbogbo rẹ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan náà, kọ̀mpúrẹ́sọ̀ kékeré ò ní í rójú sinmi. Mẹ́rin mẹ́rin lójúmọ́, lọ́sàn-án tí oòrùn mú, ti tó. Kẹ́ ẹ sì gbé ẹ̀fọ́ jìnnà sí i, kó má baà jó o.

Àwọn fíríìjì àjẹsára kan ní ilé ìwòsàn abúlé ò tiẹ̀ ní bátìrì rárá. Pánẹ́ẹ̀lì ló ń gbé kọ̀mpúrẹ́sọ̀ wọn ní tààrà lọ́sàn-án. Lóru, yìnyín tó yí inú wọn ká ni kì í jẹ́ kí òtútù kúrò láàárín 2 sí 8 lórí ìwọ̀n Celsius.

Wáyà tún wà ńbẹ̀. Bí wáyà bá tẹ́ẹ́rẹ́ tó sì gùn, fólítì 12 á ti já wálẹ̀ kó tó dé fíríìjì. Kọ̀mpúrẹ́sọ̀ á gbéra, á kú, á tún gbéra, oníbàárà á sì máa bú ẹni tó ta fíríìjì fún un. Ẹ lo wáyà tó nípọn, kẹ́ ẹ gbé fíríìjì sí tòsí bátìrì, kó jìnnà sí ààrò.

Lórí òrùlé, ẹ kọjú pánẹ́ẹ̀lì sí gúúsù, kẹ́ ẹ dà á díẹ̀ kí òjò lè máa fọ̀ ọ́. Òjìji ẹ̀ka mángòrò kan lè dín iná rẹ̀ kù ju bí òjìji náà ṣe tó lọ, torí àwọn ègé inú pánẹ́ẹ̀lì so kọ́ra wọn. Bí ọyẹ́ bá dé, ẹ fi omi àti aṣọ rírọ̀ nu eruku rẹ̀ láàárọ̀ kùtù, kí gíláàsì tó gbóná.