Ike ìfín fún iṣẹ́ ọkọ̀: orí rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin tí ẹ ń wò wá. Ẹ wo ìgò jáàmù méjì tó wà lórí tábìlì yìí. Ohun kan náà ló wà nínú méjèèjì: oògùn tí a fi ń yọ kóòlùtáà lára ọkọ̀, èyí tó ń rùn bíi kẹrosíìnì. Mo ti lẹ pépà mọ́ wọn lára, mo kọ "MÁJÈLÉ" sí i gàdàgbà, torí ọmọdé máa ń yà sí ṣọ́ọ̀bù yìí. Láti alẹ́ àná ni mo ti ju wáṣà rọ́bà kọ̀ọ̀kan sínú wọn. Inú orí ike ìfín tí mo rà lọ́wọ́ ọmọ kan tó ń kiri nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ni mo ti yọ wáṣà àkọ́kọ́. Ìkejì, inú èyí tí owó rẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́rin ìyẹn ni mo ti yọ ọ́. Ẹ jẹ́ ká fi wọ́n sílẹ̀ ná. A máa yọ wọ́n wò kí n tó kí yín pé ó dàbọ̀.

Ike ìfín ni mo ń pè é, ẹ̀yin tí ẹ ń pè é ní spray, nǹkan kan náà la ń sọ. Ọ̀pọ̀ wa tó ń fọ ọkọ̀, ike omi mímu la fi bẹ̀rẹ̀. A ó ki ìṣó bọná, a ó fi lu ìdérí rẹ̀ ní ihò mẹ́ta, a ó rọ omi ọṣẹ sí i, a ó wá máa fún un sára ọkọ̀. Èmi náà ṣe é, kò sì sí ohun tó burú nínú rẹ̀ níwọ̀n ìgbà tó bá jẹ́ omi ọṣẹ. Ibi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ ni ìgbà tí a bá da ásíìdì tàbí oògùn kóòlùtáà sínú ike omi. Òùngbẹ á gbẹ ẹnì kan nínú oòrùn, á rí ike omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, á gbé e sẹ́nu. Ẹ̀yin náà mọ iye ilé tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ọmọ tó gbé kẹrosíìnì mu nínú ìgò ẹlẹ́rìndòdò. Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí ike ìfín gidi ń ṣe fún wa ni pé kò jọ ohun mímu.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká dé orí rẹ̀. Tí ẹ bá dé ọjà, ojú ìgò ni ontà máa ń kọ́kọ́ fi hàn yín: ó nípọn, ó dúdú, ó ní ìlà wúrà lára. Ẹ má dá a lóhùn. Ìgò ò ṣe ju kó gbé omi dúró lọ. Orí ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ rántí ìtàn àwọn tó lọ yan orí nílé Àjàlá. Èyí tó dán lójú ni wọ́n mú, wọn ò mọ̀ pé amọ̀ rẹ̀ kò jiná. Òjò pa wọ́n lójú ọ̀nà, orí bá ń wó sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Orí ike ìfín náà, bẹ́ẹ̀ ló rí. Lórí àtẹ, gbogbo wọn ló jiná. Kẹ́míkà ni òjò tiwọn.

Mo ti fi ọ̀bẹ la ọ̀kan sí méjì kí ẹ lè rí inú rẹ̀. Ẹ wò ó níbí. Nǹkan kékeré tó ń wọlé tó ń jáde yìí, písítìn ni, gẹ́gẹ́ bíi ti ẹ́ńjìnnì ọkọ̀. Tí ìka yín bá fa ọwọ́ ìfà, písítìn á ti omi jáde lẹ́nu. Tí ẹ bá tú u sílẹ̀, sípíríǹgì á tì í padà, ìgbà yẹn ló sì ń fa omi mìíràn gòkè láti inú páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ tó lọ dé ìsàlẹ̀. Bọ́ọ̀lù róbótó tí kò tó ẹyọ ẹ̀wà yìí ló jókòó sórí ihò kí omi tó ti gòkè má baà sọ̀ padà. Ó parí.

Nínú orí yìí, ẹ wo ibi tí wọ́n fi sípíríǹgì sí. Àárín ojú ọ̀nà omi ni. Irin sì ni. Ìyẹn túmọ̀ sí pé gbogbo ohun tí ẹ bá rọ sínú ike ni yóò máa wẹ̀ ẹ́. Ẹ rọ ásíìdì tí wọ́n fi ń fọ ríìmù sí i, láìpẹ́ á dípẹtà. Ìpẹtà yẹn á máa bọ́, á lọ dí ẹnu, tàbí kó bá omi jáde sára ọkọ̀ funfun oníbàárà. Orí tó dára, ẹ̀yìn ògiri písítìn ni wọ́n máa ń fi sípíríǹgì rẹ̀ sí, níbi tí omi kò dé. Òmíràn ò tiẹ̀ ní irin nínú rárá. Tí ontà bá ní "kẹ́míkà ò lè ran eléyìí," ẹ bi í pé níbo ni sípíríǹgì rẹ̀ wà.

Wáṣà, rọ́bà tí kì í jẹ́ kí omi jò, ló kàn, ibẹ̀ sì ni àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ pàápàá ti ń ṣìnà. Oríṣi rọ́bà méjì ni ẹ máa bá pàdé jù lára àwọn orí tó dára: EPDM àti Viton. EPDM fara mọ́ omi àti ọṣẹ alágbára, ìyẹn àwọn álíkálì. Ṣùgbọ́n tí ohun tó tan mọ́ epo rọ̀bì bá kàn án, á mu ún, á wú. Viton ò bìkítà fún epo, ó sì ń fara da ọ̀pọ̀ ásíìdì, àmọ́ álíkálì tó le á máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Viton wọ́n ju EPDM lọ. Ẹni tó bá wá sọ pé èyí tó wọ́n jù lòun máa lò fún gbogbo nǹkan, á fi owó ńlá ra orí tí ọṣẹ rẹ̀ máa bàjẹ́. Ohun tí ẹ fẹ́ rọ sí i ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀, kí ẹ tó wá orí fún un.

Kí ló dé tí mo ń da ara mi láàmú nítorí omi tó ń jò? Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, mo rọ ásíìdì ríìmù sínú ike olówó pọ́ọ́kú kan. Bí mo ti ń fà á, ó ń gba abẹ́ ọwọ́ ìfà kán tó, tó, tó sí mi lọ́wọ́, ó ń ṣàn lọ sí ìgbọ̀nwọ́. Mi ò kà á sí. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa ṣú, ọwọ́ mi ti pọ́n bí ata, ó ń ta mí títí ilẹ̀ fi mọ́. Mo ṣorí ire ni, torí àwọn oògùn ríìmù kan ní hydrofluoric acid nínú. Ìyẹn kì í fìgbà gbogbo ta èèyàn lójú ẹsẹ̀. Á gba inú awọ wọlé, á kọjá lọ bá egungun, kí ẹni náà tó mọ̀ pé nǹkan ti ṣe òun. Tí ẹ bá ka orúkọ yẹn lára ike, ẹ fi sílẹ̀ sórí àtẹ. Oògùn ríìmù tí kò ní in pọ̀ lọ́jà.

Wàyí o, ẹ ti dé ọjà. Ẹ mú páálí kan dání àti omi díẹ̀. Ẹ rọ omi sínú ike, kí ẹ ka iye ìgbà tí ẹ máa fà á kí omi tó jáde. Mẹ́ta sí márùn-ún, ó dára. Ẹ gbé e sílẹ̀, ẹ bá ontà ná owó, ẹ bi í nípa ìyàwó àti ọmọ. Lẹ́yìn bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ tún fà á. Tí omi bá jáde lẹ́ẹ̀kan náà, bọ́ọ̀lù yẹn ń di ihò rẹ̀ mú dáadáa. Tí ẹ bá tún ń fà á lófìfo bí ìgbà àkọ́kọ́, omi ti sọ̀ padà sínú ìgò, bí ẹ ó sì ṣe máa fà á lórí gbogbo ọkọ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ fín in lẹ́ẹ̀kan péré sára páálí, láti bíi ẹsẹ̀ bàtà kan. Ojú tó tutù gbọ́dọ̀ rí róbótó kó sì kún. Tí àárín bá gbẹ bí òrùka, tàbí tí ẹ̀kán ńláńlá kó sí ẹ̀gbẹ́ kan, irú rẹ̀ ló ń sọ gíláàsì di alábàwọ́n. Ẹ dojú rẹ̀ kọ ẹ̀gbẹ́, ẹ fún ìgò díẹ̀, kí ẹ wo ọrùn rẹ̀ bóyá ó ń sun. Ontà tí kò bá jẹ́ kí ẹ fi omi wò ó, ẹ fi ọjà rẹ̀ jìn ín.

Ihò kékeré kan tún wà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé bí omi ṣe ń dínkù. Tó bá dí, ìgò á máa fún pọ̀ sínú bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ arúgbó. Ẹ ṣàkíyèsí páìpù náà: kó kan ìsàlẹ̀, kí ẹnu rẹ̀ sì jẹ́ èyí tí wọ́n gé ní dàgẹ̀rẹ̀, kó má baà lẹ̀ mọ́lẹ̀ tí kò ní lè fa omi mọ́.

Ìgò ńkọ́? Ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀, ẹ ó rí nọ́ńbà nínú igun mẹ́ta. Nọ́ńbà 2 ni HDPE, ike tó rí bíi wàrà, tó ṣeé fún. Òun ni mo fẹ́ràn jù, torí ó ń fara da ásíìdì àti álíkálì tí a ń lò lára ọkọ̀. Nọ́ńbà 1 ni PET, tó mọ́ gaara bí ike omi mímu. Ó dára fún omi ìnugíláàsì àti àwọn omi ìdán fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, àmọ́ álíkálì tó le máa ń jẹ ẹ́. Tínnà àti pẹtiróòlù, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ nínú agolo tí wọ́n bá wá. Orí àti ìgò tí ẹ rà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ńkọ́? Ẹ wo nọ́ńbà ọrùn wọn, 28/400 tàbí 28/410 ló wọ́pọ̀. 28 yẹn ni fífẹ̀ ọrùn ní mìlímítà, èyí tó tẹ̀ lé e ń sọ bí ojú ìlọ́ rẹ̀ ṣe rí. Kí ti orí bá ti ìgò mu.

Mi ò ní ra ìgò tí kò ní ìlà ìwọ̀n lára. Ẹ jẹ́ ká mú APC, ọṣẹ tó wà fún gbogbo iṣẹ́ o, kì í ṣe ti olóṣèlú. Wọ́n kọ 1:10 sí i lára. Ọ̀pọ̀ èèyàn á rọ 100 mìlílítà ọṣẹ, wọ́n á fi omi kún un títí yóò fi di lítà kan. Ìyẹn ti di 1:9. 1:10 ni ìdá kan ọṣẹ, ìdá mẹ́wàá omi, ìdá mọ́kànlá lápapọ̀. Nínú lítà kan, ọṣẹ jẹ́ nǹkan bíi 91 mìlílítà, nínú ike 500, bíi 45. Lórí táyà, ìyàtọ̀ yẹn kò tó nǹkan. Lórí àga aláwọ, mo máa ń wọ̀n ọ́n. Omi ni kí ẹ kọ́kọ́ rọ, kí ẹ tó da ọṣẹ lé e, kó má baà hó. Tó bá sì jẹ́ ásíìdì, ìyẹn ti kúrò ní ọ̀rọ̀ pé ó ń hó tàbí kò hó: omi ṣáájú, ásíìdì lẹ́yìn, ní gbogbo ìgbà.

Bí fífà kan ṣe ń tú omi jáde, nǹkan bíi mìlílítà kan ni fún ọ̀pọ̀ àwọn orí yìí. Ike 500 jẹ́ bíi 500 ìgbà tí ìka ìfábẹ̀lá yín máa tẹ̀. Ẹni tó ń ṣe ọkọ̀ méjì lọ́sẹ̀ ò ní mọ̀ ọ́n lára. Ẹni tó ń ṣe mẹ́wàá lójúmọ́ á mọ̀ ọ́n lóru. Kwazar, ilé iṣẹ́ kan ní Pólàńdì, ń ṣe irú kan tó ń fín nígbà tí ẹ fà á àti nígbà tí ẹ tú u sílẹ̀. Goizper ti Sípéènì ń ṣe IK, tí ẹ máa kọ́kọ́ fi ọwọ́ fún afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀, ó sì ní ti álíkálì lọ́tọ̀, ti epo lọ́tọ̀. Wọ́n wọ́n. Bí oníbàárà ò bá tíì pọ̀, ẹ ní sùúrù.

Ike kan, kẹ́míkà kan, kí orúkọ sì wà lára rẹ̀. Ẹ má rọ bílíìṣì sínú ike tí ásíìdì ti wà rí, torí bí méjèèjì bá pàdé, èéfín klorín ló máa jáde, ó sì ń pa èèyàn. Tí iṣẹ́ bá parí, mo máa ń ki páìpù sínú omi mímọ́, kí n fà á bíi ìgbà mẹ́wàá, kí n tó gbé e sí ibòòji. Bùútù ọkọ̀ nínú oòrùn kì í ṣe ibi ìkópamọ́.

Ó tó. Mo ti wọ ìbọ̀wọ́, ẹ jẹ́ ká padà sídìí ìgò jáàmù wa. Wáṣà olówó pọ́ọ́kú rèé. Ẹ wò ó bó ṣe wú. Mo fi èékánná tẹ̀ ẹ́, ojú èékánná ṣì wà níbẹ̀. Mo fẹ́ dá a padà sí ibi tí mo ti yọ ọ́ lánàá... kò wọ̀ ọ́. Ó ń kákò sókè. Èkejì, Viton ni. Mo nù ún, mo tì í wọlé, ó jókòó. Mo lọ́ ọ dé ìgò. Mo fà á, ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta, omi dé. Abẹ́ ọwọ́ ìfà gbẹ táútáú.

Mẹ́ta ni mo rà lọ́wọ́ ọmọ yẹn. Méjì tó kù, omi ọṣẹ ni mo máa rọ sí wọn.