Wáàsí Jímọ̀: Ta ló ní kẹ́ ẹ lọ fín èròńgbà yín sára?

Bisimilahi. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, ìkẹ́ àti ọlà kó máa bá Ànábì wa Muhammad, ará ilé wọn àti gbogbo sàhábà wọn. Ẹ kú Jímọ̀ o. Ẹ má bínú pé mo sáré ka ìyẹn, ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀.

Lẹ́yìn asàlátù Sànńdè tó kọjá, ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ ní Òkè-Ajé níbí ní Ìjẹ̀bú-Òde dúró dè mí níbi tá à ń bọ́ bàtà sí. Ó fi etí gèlè bo fóònù ẹ̀ bí ẹni tó gbé nǹkan ẹlẹ́gbin dání. Ó ní, "Ààfáà, ẹ bá mi wò ó." Mo wò ó. Apá ọmọ ẹ̀ ni. Wọ́n ti fín in láti ìgúnpá dé ọrùn ọwọ́, ara ẹ̀ ṣì wú, ó pọ́n yíká ínkì, wọ́n wá fi ọ̀rá funfun wé ìsàlẹ̀ ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sì ti gbẹ mọ́ inú ọ̀rá yẹn. Bọ́ọ̀lù kan, bàlúù kan, nọ́ńbà 10, lábẹ́ gbogbo ẹ̀ ni wọ́n kọ 2027 sí. Ọdún tí ọmọ ní òun máa wà ní Yúróòpù nìyẹn, tí òun á máa gbá bọ́ọ̀lù jẹun. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún.

Ìyá yẹn ò tiẹ̀ bi mí bóyá ó dáa tàbí kò dáa, ó ti mọ ìyẹn. Ohun tó bi mí ni pé, "Ààfáà, ṣé ìrun ẹ̀ á ṣì máa gbà?" Ló bá bú sẹ́kún.

Mo máa dá yín lóhùn ìyẹn tó bá yá. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ èròńgbà, torí mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń retí kí n bú bọ́ọ̀lù. Mi ò ní bú bọ́ọ̀lù. Láti ìgbà tí Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́ ti gba ife líìgì Nàìjíríà ní 2025, kò sí ọmọkùnrin kan ní Ṣàgámù, ní Ìlíṣàn, ní ìhín, tó ń sùn dáadáa mọ́, wọ́n ti rí i pé nǹkan ńlá lè ti ìtòsí ilé ẹni jáde, mi ò rí láìfí nínú ìyẹn. Ànábì Sulaimọ́nù fúnra wọn tọrọ ìjọba tí ẹnikẹ́ni ò ní ní irú ẹ̀ lẹ́yìn wọn, ó wà nínú Súrà Sọ́ọ̀dì, Ọlọ́hun ò sì sọ pé èéṣe tó o fi béèrè ohun tó tóbi báyẹn. Ẹni tó bá ní ohun tó ń lé kó máa lé e. Ààfáà tó bá ń sọ fún ọmọ yín pé kó má fẹ́ nǹkan kan láyé, ẹ bi í léèrè ibi tó ti rà mọ́tò ẹ̀.

Ohun tó dùn mí nínú ọ̀rọ̀ ọmọ yìí ni pé mo mọ̀ ọ́n. Ojoojúmọ́ ló ń jí sáré kí ilẹ̀ tó mọ́. Iwájú mọ́sálásí wa gan-an ló ń gbà kọjá. À ń pe ìkọ́mà Súbùhì lọ́wọ́, ìpè tó kẹ́yìn kí ìrun tó bẹ̀rẹ̀, a máa ń gbọ́ bàtà ẹ̀ lórí ọ̀dà, kú-kú-kú, á sáré kọjá, á sáré padà. Ó ti jí. Ó ti fọjú. Ó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé Ọlọ́hun. Kò yà.

Ẹ jẹ́ n sọ ti ọmọkùnrin kan fún yín, Rabi'ah ọmọ Ka'b, ará ìdílé Aslam. Rabi'ah ò nílé, kò láya, kò sí owó kankan lọ́wọ́ ẹ̀, ara àwọn tó ń sùn sí Suffah ni, ìyẹn abẹ́ ibòòji tó wà ní mọ́sálásí Ànábì ní Mẹ̀dínà. Kò sẹ́ni tó gbà á síṣẹ́, òun ló gba ara ẹ̀ pé òun á máa ṣe ìránṣẹ́ Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun. Tí wọ́n bá ti kí Ishai tán tí Ànábì wọlé, Rabi'ah á lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà wọn, á ní bóyá wọ́n á fẹ́ nǹkan kan lóru. Á máa gbọ́ ohùn wọn látinú ilé, Subuhanallahi, Subuhanallahi, títí tí á fi rẹ̀ ẹ́, tàbí tí oorun á gbé e lọ síbẹ̀. Tí wọ́n bá wá jí, omi alùwàlá ti wà lọ́wọ́ Rabi'ah. Kò béèrè kọ́bọ̀.

Lọ́jọ́ kan Ànábì wò ó, wọ́n ní, Rabi'ah, béèrè ohun tó o bá fẹ́, n ó fún ẹ.

Háà! Ẹ̀yin ará, ká ní èmi àti ẹ̀yin ni, ṣé a máa tún ní ká lọ ronú? Ìwé ti wà lápò. Ilẹ̀ pulọ́ọ̀tì méjì, físà, ọkọ, aya, mọ́tò. Rabi'ah tí ò ní ibi tó máa forí lé lóru ọjọ́ yẹn gan-an, ó ní kí wọ́n jẹ́ kóun rò ó ná. Ó rò ó. Ó ní nínú ara òun pé ayé yìí máa tán, oúnjẹ tí wọ́n ti pín fún mi nínú ẹ̀ á wá bá mi. Ó padà wá, ó ní, "Mo fẹ́ wà pẹ̀lú yín ní Alujanna."

Ànábì dákẹ́, wọ́n dákẹ́ pẹ́. Wọ́n ní ta ló ní kó o sọ bẹ́ẹ̀? Ó ní kò sẹ́nì kankan o. Nínú èyí tí Muslim, ẹni tó kó hàdíìsì (ọ̀rọ̀ àti ìṣe Ànábì) jọ, gbà wá, wọ́n tún bi í pé, àbí nǹkan mìíràn? Ó ní ìyẹn náà ni. Ẹ wo ọmọ tó mọ ohun tó ń fẹ́! Wọ́n wá ní, "Nígbà náà, ràn mí lọ́wọ́ lórí ara rẹ, máa forí kanlẹ̀ púpọ̀."

Wallahi, ìgbàkígbà tí mo bá débi yẹn ara mi máa ń bù máṣọ. Ẹni tí àdúà ẹ̀ ò ní ilẹ̀kùn, òun ló ń sọ fún ìránṣẹ́ kékeré pé ràn mí lọ́wọ́. Ohun tí Rabi'ah fẹ́ tóbi ju Yúróòpù lọ, ibi tí wọ́n sì ní kó kọ ọ́ sí ni ilẹ̀, iwájú orí ni wọ́n ní kó fi kọ ọ́, lálẹ́, láàárọ̀, níbi tẹ́nì kan ò ti ní ya fọ́tò ẹ̀. Ọlọ́hun náà sọ nínú Súrà Fatihi nípa àwọn tó wà pẹ̀lú Ànábì pé àmì wọn ń bẹ lójú wọn látara ìforíkanlẹ̀. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá ń fi iwájú orí gbo ẹní kó lè dúdú, mo rí yín o, ọjọ́ tiyín náà ń bọ̀.)

Ó dáa. Ní báyìí ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀ líle.

Abdullahi ọmọ Mas'ud (Ibn Mas'ud), sàhábà Ànábì, ló sọ ọ́, ó wà nínú ìwé hàdíìsì Bukhari àti ti Muslim, pé Ọlọ́hun ṣẹ́bi lé ẹni tó ń fín ara àti ẹni tí wọ́n ń fín lára. Ìyá kan tí wọ́n ń pè ní Ummu Ya'qub gbọ́, ó gbéra ó wá bá a, ó ní mo ti ka ohun tó wà láàárín pálí Àlùkùránì méjèèjì, mi ò rí ohun tó o sọ yìí níbẹ̀. Ibn Mas'ud ní ká ní o kà á ni, ò bá rí i, ṣó ò rí ibi tó ti ní ohun tí Òjíṣẹ́ bá mú wá fún yín kẹ́ ẹ gbà á, ohun tó bá kọ̀ fún yín kẹ́ ẹ jáwọ́ níbẹ̀? Súrà Háṣírì, áyà keje. Ìyá yẹn kò gbà bọ̀rọ̀, ó ní mo rò pé ìyàwó tìẹ náà ń ṣe é, Ibn Mas'ud ní wọlé lọ wò ó. Ìyá yẹn wọlé, kò rí nǹkan kan. Irú ààfáà tó yẹ ká ní nìyẹn, tẹ́ ẹ lè yẹ ilé ẹ̀ wò.

Èpè ọ̀run nìyẹn o, kì í ṣe pé ààfáà ò mọ fáàrí. Láti Ojúde Ọba ọdún mélòó kan sẹ́yìn tí fọ́tò apá fínfín lórí ẹṣin ti kárí ayé, gbogbo ọmọ ló ní òun fẹ́ ṣe tòun. Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni, kò sì kàn mí. Ṣùgbọ́n nígbà tó o bá ní "ara mi ni, mo lè ṣe é bó ṣe wù mí", ara ta ni? Ọjọ́ wo lo rà á? Ẹlòmíì á ní ìyá ìyá òun náà fín orúkọ sápá, ó sì ń kírun títí ó fi kú. Bẹ́ẹ̀ ni, a mọ̀ wọ́n, kí Ọlọ́hun foríjì wọ́n, ọ̀pọ̀ wọn ò gbọ́ hàdíìsì yẹn rí. Ìwọ ní tìẹ, ó wà nínú fóònù ẹ.

2027 yẹn ló tún bí mi nínú jù. Ta ló fi hàn ẹ́? Súrà Káfì tá à ń kà lọ́jọ́ òní gan-an, ṣebí inú ẹ̀ ni Ọlọ́hun ti sọ fún Ànábì pé má sọ nípa nǹkan kan pé èmi á ṣe é lọ́la àfi tí Ọlọ́hun bá fẹ́? Ànábì nìyẹn, lọ́la lásán nìyẹn! Ìwọ wá gbé ọdún odindi, o fi abẹ́rẹ́ kàn án mọ́ ara, kò sì sí in shaa Allah kankan níbẹ̀. Tí 2027 bá dé tó ò rìn, ṣé wàá gé apá yẹn ni?

Ibn Mas'ud yìí kan náà ló sọ pé Ànábì fa ilà igun mẹ́rin sílẹ̀, wọ́n fa ilà kan sáàárín ẹ̀ tó gùn yọ síta, wọ́n fa àwọn wẹ́wẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Wọ́n ní èyí tó wà láàárín lèèyàn, èyí tó yí i ká ni ọjọ́ ikú ẹ̀, ibi tó yọ síta yẹn ni ìrètí ẹ̀, àwọn wẹ́wẹ́ yẹn ni àdánwò, tí èyí bá tàsé ẹ̀, ìyẹn á bù ú jẹ. A rí i lójú wa níbí. July 13, 2025, ọjọ́ kan ṣoṣo la gbọ́ pé Awújalẹ̀ wa, Ọba Síkírù Adétọ̀nà, tó ti wà lórí ìtẹ́ láti 1960, ti lọ, ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n ní Buhari ti lọ. Ẹní jẹ ọba fún ọdún márùndínláàádọ́rin, ẹní ṣe olórí Nàìjíríà, igun mẹ́rin yẹn ò yọ wọ́n sílẹ̀. Ìwọ ń kọ 2027.

Àwọn òbí, mo dé ọ̀dọ̀ yín. Nígbà tí ọmọ ń sáré kọjá mọ́sálásí, ẹ̀ ń fi í yangàn pé "ọmọ mi kì í ṣe ọ̀lẹ". Ẹ ra bàtà fún un. Ta ló bi í bóyá ó ti kí Súbùhì? Ínkì lẹ wá rí tẹ́ ẹ fi ń sunkún. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ sáré kọjá láìyà ló yẹ kẹ́ ẹ ti sunkún yẹn.

Ìdáhùn ìbéèrè màmá nìyí o, kí gbogbo ayé gbọ́. Ìrun ẹ̀ ń gbà, in shaa Allah. Alùwàlá ẹ̀ pé. Abẹ́ awọ ni ínkì yẹn wà, omi ń kan ara ẹ̀, kò dà bí ọ̀dà èékánná tó bo èékánná mọ́lẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ pé kó má wá sáfù, kó má kírun títí tó fi máa bó o, ẹ̀yin lẹ̀ ń lé e lọ, ẹ máa rí Ọlọ́hun lórí ẹ̀. Túúbà ló kàn án, kó kábàámọ̀, kó má tún lọ fi kún un. Tó bá lówó tó sì rí oníṣègùn tó mọṣẹ́ tó lè bá a yọ ọ́ láìṣe é léṣe, kó yọ ọ́. Tí kò bá lówó ẹ̀, tàbí tó máa pa á lára, kó fi sílẹ̀, kó máa bò ó. Kó má fi áyọ́ọ̀nù jó o o! Kó má fi ásíìdì tàbí abẹ fá a, àwọn ọmọ kan ń ṣe é, egbò ni wọ́n ń kó.

Ìwọ tó sì ní ṣọ́ọ̀bù, tó ń fín in fún wọn, tó o ń jẹ́ Músùlùmí, èpè inú hàdíìsì yẹn, orúkọ tìẹ ló ṣáájú. Wá iṣẹ́ mìíràn. Ẹni tọ́wọ́ ẹ̀ mọ yíyàwòrán báyẹn ò ní kú sílẹ̀, àwọn tó ń ya sáìnbọọ̀dù ń jẹun.

Kí Ọlọ́hun foríjì wá, kó ṣe ohun tá à ń lé ní rere fún wa, kó bá wa wo àwọn ọmọ wa. Ẹ tètè wẹ̀, ẹ tètè wá. Ẹni tó bá ní ìbéèrè kó dúró dè mí lẹ́yìn ìrun, mi ò dáhùn ní ínbọ́ọ̀sì lónìí.