Bẹ́ ẹ ṣe lè fi lokéṣọ̀n fóònù yín kìlọ̀ omíyalé fún àdúgbò

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Ẹ̀gbá. Lafẹ́nwá ni mo wà yìí, odò Ògùn lẹ ń wò lẹ́yìn mi yẹn. Ẹ wo ìlà ẹrẹ̀ tó wà lára ògiri yìí, ibi tómi kún dé nìyẹn, ó bá orúnkún mi dọ́gba. Lóṣù keje ọdún 2018 omíyalé pa èèyàn nínú Abẹ́òkúta yìí, ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi.

Ó dáa, ẹ mú fóònù yín. Ẹ fìka fa ojú ẹ̀ wálẹ̀ látòkè, kẹ́ ẹ tan lokéṣọ̀n. GPS, ìyẹn ohun tó ń jẹ́ kí fóònù mọ ibi tẹ́ ẹ wà, ò gba dátà o, àmì sátẹ́láìtì ló ń lò, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá tiẹ̀ lọ nígbà òjò ó ṣì máa mọ ibi tẹ́ ẹ wà. Máàpù ló ń fẹ́ dátà, torí ẹ̀ ẹ ṣí Google Maps, ẹ tẹ fọ́tò yín lókè, ẹ wá Offline maps, kẹ́ ẹ dawunlódù gbogbo Abẹ́òkúta sílẹ̀ lónìí tójú ọ̀run mọ́.

Ibi tó ká mi lára jù rèé. Ẹ wá ojú ibi tómi ń gbà lórí máàpù, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ má tètè gbọ́wọ́ kúrò, àmì pupa kan á yọ. Ẹ tẹ Share, ó di gúrúùpù WhatsApp àdúgbò, ẹ kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé "ẹ má gba ibí o, omi ti bo gọ́tà". Tẹ́ ẹ bá kàn ní "Lafẹ́nwá ti kún", Lafẹ́nwá tóbi, ìyá tó ń tọjà bọ̀ tòun tọmọ lẹ́yìn ò ní mọ ibi tó máa yà sí. Tómi bá sì ti fà, ẹ tètè sọ, torí tí ìkìlọ̀ àná bá ṣì wà níbẹ̀ wọn ò ní gbà yín gbọ́ lọ́la.

Kì í ṣòjò ìlú wa nìkan ló ń kún odò yìí o, dáàmù Ọ̀yán náà máa ń ṣí omi sílẹ̀. Ẹ máa yọjú sí Flood Hub, ìkànnì Google tó wà fún ìkìlọ̀ omíyalé, ó máa ń sọ bódò ṣe máa rí títí dé ọjọ́ 7 síwájú.

Tẹ́ ẹ bá há sómi, ẹ pe 112. Tẹ́ ẹ bá sì gbọ́dọ̀ jáde nínú òjò, ẹ fi Live location ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ìyẹn gba dátà ṣá. Ẹ wò ó, mo yan wákàtí 8, ẹ̀gbọ́n mi ní Òkè-Mosàn ti ń rí mi, wọ́n ti kọ ọ́ ránṣẹ́ báyìí pé kí n kúrò létí odò.