River Raid lórí Commodore 64: bí mo ṣe ń fa odò tí kì í tán

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ariwo tẹ́ ẹ ń gbọ́ yẹn, jẹnẹrétọ̀ ará ìsàlẹ̀ ni. Kúbwà la wà, ẹ má bínú.

Ẹ ti ń bi mí jù nípa bí mo ṣe ń fa odò inú River Raid, géèmù tí ọkọ̀ òfuurufú ti ń fò lójú odò, lórí Commodore 64 (C64), kọ̀ǹpútà àtijọ́ yẹn, torí náà odò nìkan la máa ṣe lónìí. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́kọ́ kun ọkọ̀ òfuurufú, kó rọra jókòó ná. Kò tíì sí odò, ẹ ti ń wá ọ̀dà! Ẹ ṣí VICE, ètò tó ń ṣe bíi C64 lórí kọ̀ǹpútà òde òní, ẹ ṣí assembler (ètò tó ń sọ àṣẹ tá a kọ di èdè ẹ̀rọ) tó bá wù yín.

Ẹ wò ó, káàtírììjì ẹ̀rọ géèmù Atari 2600 tí Carol Shaw kọ géèmù yìí sí lọ́dún 1982, 4 KB péré ni. RAM (ibi ìrántí) ẹ̀rọ náà, báìtì 128. Níbo ló fẹ́ tọ́jú máàpù sí? Kò tọ́jú ẹ níbì kankan. Ìṣirò ló ń bí odò náà. Nọ́ńbà ìbẹ̀rẹ̀ kan náà, odò kan náà. Obìnrin yẹn gbọ́n! 64 KB là ń lò níbí, síbẹ̀ ọ̀nà tiẹ̀ ni mò ń tọ̀.

Bí nọ́ńbà ṣe ń jáde rèé: ẹ mú báìtì méjì, ti òkè àti ti ìsàlẹ̀, tó jọ jẹ́ nọ́ńbà kan. LSR (àṣẹ tó ń sún bíìtì sọ́tùn-ún) fún ti òkè, ROR (òun náà ń sún un, àmọ́ ó ń gba bíìtì tó já bọ́ látòkè) fún ti ìsàlẹ̀. Bí carry (bíìtì tó já bọ́ kẹ́yìn) bá jẹ́ òdo, ẹ fo èyí tó kàn. Bó bá jẹ́ 1, ẹ fi $B4 ṣe EOR (àṣẹ tó ń yí àwọn bíìtì kan padà) fún ti òkè. Ó tán. Nínú zero page (báìtì 256 àkọ́kọ́ nínú RAM), báìtì 12 ni gbogbo ẹ̀, láìka RTS (àṣẹ ìpadà). Ẹ bá mi wá ẹni tó kéré jù bẹ́ẹ̀! Nọ́ńbà 65,535 ló máa jáde kó tó padà síbẹ̀rẹ̀. Ẹ má ṣáà fi òdo bẹ̀rẹ̀ o, òdo ni yóò máa bí títí láé.

Ẹnì kan kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé River Raid ti wà lórí C64 tipẹ́. Mo mọ̀. Àmàlà náà ti wà láyé kí ìyá yín tó ro tiẹ̀.

Bíìtì méjì ìsàlẹ̀ nọ́ńbà náà ló ń darí etí odò: 0, ó sún sósì, 1, ó sún sọ́tùn-ún, 2 tàbí 3, ó dúró. Ẹ pe ìṣirò yẹn lẹ́ẹ̀mejì fún ìlà kọ̀ọ̀kan, kí bíìtì ìlà tó kọjá má tún yọjú.

Sísún odò náà sísàlẹ̀ lójú tẹlifíṣọ̀n ńkọ́? Bíìtì mẹ́ta ìsàlẹ̀ $D011 (àdírẹ́sì kan tó ń darí àwòrán C64) ló ń ṣe é, 0 dé 7. Bó bá kọjá 7, ẹ dá a padà sí 0, kẹ́ ẹ ti gbogbo ìlà sísàlẹ̀. Láti ìlà ìsàlẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ o! Bẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀ látòkè, ìlà kan ṣoṣo ló máa kún ojú tẹlifíṣọ̀n. Ẹ pa bíìtì 3 $D011 náà, kí etí òkè má máa jó.

Ìkọlù: àdírẹ́sì $D01F ló ń sọ bí ọkọ̀ bá kan foreground. Omi gbọ́dọ̀ jẹ́ background (ẹ̀yìn àwòrán), kóríko jẹ́ foreground (iwájú àwòrán), bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọkọ̀ yín á máa kú lójú omi. Bẹ́ ẹ bá ti kà á, ó ti pa ara rẹ̀ rẹ́ nìyẹn. Ẹ kà á lẹ́ẹ̀kan ní frame (àwòrán) kọ̀ọ̀kan, ẹ tọ́jú ẹ.

Wọ́n ti mú iná, inverter ti ń ké. Ẹ jẹ́ n tètè ṣe save. Epo àti afárá, ó di fídíò tó ń bọ̀.