Ẹni tẹ́ ẹ ní ó kùtà

Asalaamu alaykum wa rahmatullahi wa barakatuh. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, ará ilé ẹ̀ àtàwọn sàhábé ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ n tètè wọnú ọ̀rọ̀, torí látọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá ni inú mi ti ń ru, mo ní kí n gbé e mì, kò lọ.

Jímọ̀ tó kọjá, ní mọ́sálásí wa níbí ní Ẹ̀pẹ́, lápá àwa obìnrin, ọmọbìnrin kan tí mi ò rí rí wọlé pẹ̀lú ọmọ ẹ̀ ọkùnrin, ọmọ yẹn ò lè ju ọmọ ọdún méje lọ. Lèmọ́mù ti gun mínbárì, kùtúbà, ìyẹn ìwàásù Jímọ̀, ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ sì mọ lásípíkà wa, bó ṣe máa ń han goooro síni létí. Bó ṣe han báyìí, ọmọ fi ọwọ́ méjèèjì di etí, ó di ojú pa, ó ń mi ara síwá sẹ́yìn, ó ń kùn hùùùn, hùùùn. Èmi ti mọ ohun tó ń ṣe é, ọ́tísíìmù ni wọ́n ń pè é, torí mo bí irú ẹ̀. Kí n tó ṣẹ́jú, Alhaja kan (mi ò ní dárúkọ, ó mọ ara ẹ̀) ti pariwo: "Ẹ gbé ọmọ àlùjọ̀nnú yìí jáde fún wa, ó fẹ́ ba Jímọ̀ wa jẹ́!" Àwọn méjì mìíràn tún bá a dá sí i. Ọmọbìnrin yẹn gbé ọmọ ẹ̀ kọ́ apá, kò dúró mú bàtà, ó jáde sínú oòrùn. Nígbà tá a sálámà tán tí mo sáré jáde, mi ò bá a mọ́.

Alhaja mi, ṣé ẹ mọ̀ pé Ànábì ti sọ ọ́ pé tó o bá sọ fún ẹnìkejì ẹ pé "dákẹ́" nígbà tí Lèmọ́mù ń ṣe kùtúbà, o ti sọ ìsọkúsọ? "Dákẹ́" lásán o! Ó wà nínú ìwé hádíìsì Bukhari, ó wà nínú ti Muslim. Ọmọ tí kò tíì bàlágà, tí wọn ò kọ nǹkan kan sí lọ́rùn, òun lẹ ní ó fẹ́ ba Jímọ̀ jẹ́, ẹnu yín lẹ sì fi ba tiyín jẹ́.

Èmi kì í ṣe àáfà, ẹja ni mò ń yan tà. Ṣùgbọ́n bàbá tó bí mi kọ́ wa ní kéú, ó sì wà nínú ohun tó gbà wá létí pé ẹni tó bá rí àìdáa kó fi ẹnu sọ ọ́ tí ọwọ́ ẹ̀ ò bá ká a.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Àlàrùbá ọ̀sẹ̀ yìí kan náà. Ìyá oní-kóòdù-rúùmù (ilé tí wọ́n ń kó ẹja dídì sí) tí ọmọ mi ń bá ṣiṣẹ́ pè mí láàárọ̀. Àyà mi já, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti tọ́ irú ọmọ yìí ẹ mọ ìdí, fóònù tó bá ti wọlé láàárọ̀, ẹjọ́ ni. Màmá ní ọmọ òun bímọ sí Ìbàdàn, òun ń lọ wẹ ọmọ, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lòun máa lò, pé nínú ọmọ iṣẹ́ márùn-ún tó wà lọ́dọ̀ òun, ọmọ mi lòun fi kọ́kọ́rọ́ àti ìwé ọjà sílẹ̀ fún. Mo ní kọ́kọ́rọ́ èwo? Ó ní kọ́kọ́rọ́ kóòdù-rúùmù, ṣé òmíì wà ni? Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nídìí àgbá tí mo fi ń yan ẹja, mo ń sunkún, àwọn tó wà nítòsí rò pé èéfín ni.

Ẹ ò mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ yẹn ti ń bọ̀ ni.

Ọmọ ọdún 23 ni ọmọ mi yìí. Tá a bá pè é kì í wòye, kì í wò wá lójú, tí wọ́n bá wọ ẹ̀wù kan fún un tí ìwé ìdí ọrùn ẹ̀ ń họ ọ́ lára, á figbe ta títí a ó fi bọ́ ọ. Àwa Yorùbá, ẹni tó ń lọ ló máa ń sọ pé "mò ń bọ̀". Ọmọ mi ò mọ ìyẹn, tó o bá ní o ń bọ̀, á dúró dè ẹ́ ni. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà, bàbá ẹ̀ gbé báàgì, ó ní "mò ń bọ̀", ọmọ yìí dúró lẹ́nu ọ̀nà títí wọ́n fi kírun Íṣáì, mo fi oúnjẹ bẹ̀ ẹ́, kò kúrò. Ó ti di ọdún 17. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló tó fọhùn, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó sì jáde lẹ́nu ẹ̀ ni "mò ń bọ̀", á sọ ọ́ láàárọ̀, á sọ ọ́ lálẹ́, á sọ ọ́ fún ògiri.

Mo gbé e káàkiri. Tírà, hàǹtú, omi àdúà, ibi tí mi ò dé ò sí. Àáfà kan ní àlùjọ̀nnú ló ń bá a gbé, ó de ọmọ mi lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, ó ń fi pàṣán nà án kó lè jáde, mo wà níta, mò ń gbọ́ igbe ẹ̀, mo jókòó, mo tún sanwó. Ọlọ́hun dárí jì mí. Àpá okùn ṣì wà lọ́rùn ọwọ́ ẹ̀. Nígbà tí àbúrò mi ń ṣe nìkáà, mo ti ọmọ yìí mọ́ yàrá kí àwọn àna má bàa rí i. Èmi náà jẹ̀bi, ẹ má rò pé mò ń bá yín wí látòkè.

Nígbà tó yá, nọ́ọ̀sì kan ló ní kí n gbé e lọ sí Ọ̀ṣòdì, níbi tí ilé ìwòsàn Yábàá ti ń rí sí àwọn ọmọdé. Ibẹ̀ la ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ́tísíìmù. Dókítà ní látinú oyún ni ọpọlọ ẹ̀ ti gba ọ̀nà tiẹ̀, pé kì í ṣe èpè, kì í ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára, kì í ṣe ohun tí mo jẹ, kì í ràn, kò sì sí oògùn tó ń mú un kúrò, ṣùgbọ́n a lè kọ́ ọ, a lè jẹ́ kí ayé rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ó ní ariwo tó kéré létí wa lè dà bí ààrá létí tiẹ̀. Mo rántí gbogbo ìgbà tí mo ti gbá a létí pé kó yé dietí.

Ẹ jẹ́ n wá sọ ìtàn kan fún yín, bí bàbá mi ṣe máa ń sọ ọ́ la máa dákẹ́ rọ́rọ́. Anas, ọ̀kan nínú àwọn sàhábé, ló gbà á wá. Ará oko kan wà nígbà ayé Ànábì, Zahir lorúkọ ẹ̀. Kò lẹ́wà, àwọn tó ròyìn ẹ̀ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ojú ẹ̀ ò fani mọ́ra. Ṣùgbọ́n tó bá ń bọ̀ láti oko, á kó nǹkan oko bọ̀ fún Ànábì, tó bá sì ń padà, Ànábì náà á di ẹrù ìlú fún un. Ànábì máa ń sọ pé, "Zahir ni oko wa, àwa ni ìlú ẹ̀." Ẹ wo ọ̀rọ̀ ìfẹ́! Lọ́jọ́ kan Zahir wà lọ́jà, ó ń ta ọjà ẹ̀. Ànábì rọra gba ẹ̀yìn yọ sí i, ó gbá a mọ́ra gbàgì, Zahir ò rí ẹni tó jẹ́. Ó ní, "Ta nìyẹn? Fi mí sílẹ̀!" (Gẹ́lẹ́ bí ọmọ mi ṣe máa ń sọ ọ́, torí kì í fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn án látẹ̀yìn.) Ó wá yíjú, ó rí i pé Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun ni. Ẹni tó ń jà pé kí wọ́n fòun sílẹ̀ ló tún wá ń ti ẹ̀yìn ẹ̀ mọ́ àyà Ànábì, kò fẹ́ kó tú mọ́. Ànábì wá ń polówó, ó ń ṣe é lẹ́fẹ̀: "Ta ló máa ra ẹrú yìí?" Zahir ní, "Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun, tẹ́ ẹ bá tà mí, ọjà tó kùtà lẹ máa bá lọ́wọ́ yín." Ànábì ní, "Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ Ọlọ́hun, o ò kùtà. Lọ́dọ̀ Ọlọ́hun, owó gọbọi ni ẹ́."

Tá a bá ti dé ibẹ̀, bàbá mi á dánu dúró, á nu ojú.

Ẹ̀yin ará Ẹ̀pẹ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ra ẹja l'Ólúwo, ẹ mọ ohun tí ó kùtà jẹ́. Ẹja tó bá kù sílẹ̀ tílẹ̀ fi ṣú, tẹ́nikẹ́ni ò bèèrè. Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe wo ọmọ mi. Ọ̀kan nínú yín sọ ọ́ sí mi lójú pé, "Èyí tó o bí yìí, ta ló máa gbà á síṣẹ́?"

Ìyá kan ló gbà á. Kò kàwé kankan lórí ọ́tísíìmù, ó kàn máa ń wò ni. Ó rí i pé bóun bá ní "kó ìyẹn wá, kó o tún dá oníbàárà yẹn lóhùn, bá mi mú omi", ọmọ mi á dúró gbagidi, á máa wo ọwọ́ ara ẹ̀, ṣùgbọ́n tóun bá sọ ẹyọ kan, tó ṣe é tán kóun tó sọ òmíì, kò sẹ́ni tó ń ṣe é dáa tó o. Ló bá lẹ bébà aláwọ̀ mọ́ ògiri: pupa fún títọ́ọ̀sì, búlúù fún kóté, yẹ́lò fún ṣáwá. Ó kọ́ ọ pé páálí tó kọ́kọ́ wọlé ni kó kọ́kọ́ jáde. Láti ọdún méjì báyìí, ẹ lọ bèèrè bóyá páálí kan ti pẹ́ bàjẹ́ níbẹ̀. Tí wọ́n bá ní mélòó ló kù, á ní, "Igba ó lé méjìlá, màmá, mẹ́rin ti ya létí." Kò mọ irọ́ pa, kò sì gbọ́dọ̀ sí jẹnẹrétọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ṣùgbọ́n inú kóòdù-rúùmù yẹn fúnra ẹ̀ ló fẹ́ràn jù, torí ariwo ibẹ̀ kì í yí padà, hùùùn kan náà ni láti àárọ̀ dalẹ́, òun náà á máa bá a kùn. Iye tí wọ́n ń san fáwọn yòókù ni wọ́n ń san fún un, kì í ṣe owó ọṣẹ. Tó bá ń jáde nílé, á ní, "Ìyá, mò ń bọ̀ ní aago mẹ́fà." Aago mẹ́fà lù, ọmọ mi ti wọlé.

Ṣùgbọ́n ẹ má gbọ́ mi sódì o. Kì í ṣe kọ́kọ́rọ́ ló sọ ọ́ di èèyàn. Àwọn kan wà tí wọn ò ní fọhùn láé, tí wọn ò ní lè ka páálí kan, Ànábì ò sì bèèrè iye tí Zahir pa lọ́jà lọ́jọ́ yẹn kó tó sọ pé ó wọ́n lọ́dọ̀ Ọlọ́hun.

Ẹ̀yin àáfà tẹ́ ẹ ń de ọmọ ọlọ́mọ mọ́lẹ̀, ẹ̀yin ni mo fẹ́ dojú ọ̀rọ̀ kọ báyìí. Rúkíyà, ìyẹn kíka Kùránì sórí aláìsàn, wà nínú ẹ̀sìn, ẹ ka Fàtíhà, ẹ ka Fàlàkì àti Náásì, ẹ rọra fẹ́ ẹ sí i lórí, ẹ ṣàdúà. Ibo lẹ ti rí pàṣán? Nínú Yásín, Ọlọ́hun ní lọ́jọ́ náà Òun máa di ẹnu, ọwọ́ lá máa sọ̀rọ̀, ẹsẹ̀ á máa jẹ́rìí. Ọwọ́ tẹ́ ẹ fi ta okùn yẹn ní kókó, òun fúnra ẹ̀ lá ròyìn yín. Ẹ máa gba owó lọ́wọ́ ìyá tó ń sunkún, ẹ máa gbà á, ẹ ó san án níbi tí náírà ò ti ní wúlò. Ẹ̀yin bàbá tẹ́ ẹ ní ẹ ń bọ̀, ṣé ẹ rò pé Ọlọ́hun ò sí lẹ́nu ọ̀nà yẹn nígbà tẹ́ ẹ sọ ọ́ ni? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, Súrà Hujuraat wà nílé yín, Ọlọ́hun ní ẹni tẹ́ ẹ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ lè sàn jù yín lọ. WHO, àjọ ìlera àgbáyé, sọ pé lọ́dún 2021, nǹkan bí èèyàn kan nínú 127 ló ní ọ́tísíìmù. Ẹ ka orí àwọn ọmọ tó wà ládùúgbò wa, níbo làwọn tó kù wà? Inú yàrá ni wọ́n wà, ibi tí mo ti ti tèmi mọ́ nígbà kan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ní ilé iṣẹ́, ìjọba Èkó ti ṣòfin fún àwọn aláàbọ̀ ara látọdún 2011, tàpapọ̀ dé ní 2019, wọ́n ní nínú 100 òṣìṣẹ́ ìjọba ó yẹ kí márùn-ún jẹ́ tiwọn. Ìyá ẹlẹ́ja ò dúró de òfin o.

Lèmọ́mù wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa rẹ lásípíkà yẹn sílẹ̀ lónìí. Ọmọ mi máa ti kóòdù-rúùmù ní aago méjìlá, á wá, ìdí òpó kẹta lapá ọkùnrin ló máa ń dúró, á ti fi òwú dí etí. Ẹ bá mi sún fún un díẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án látẹ̀yìn.

Ìwọ ọmọbìnrin tí wọ́n lé jáde, mi ò mọ orúkọ ẹ, bóyá ẹnìkan máa fi èyí hàn ẹ́. Mo ti ra ohun tí wọ́n fi ń bo etí, èyí tó kéré, tó máa bá orí ọmọ ẹ mu, ó wà nínú báàgì mi. Ìdí fèrèsé kejì lapá obìnrin ni mo máa ń jókòó sí, hìjáàbù aláwọ̀ ewé ni mo máa wọ̀. Gbé e bọ̀. Tó bá ń kùn, jẹ́ kó máa kùn, ẹ̀gbẹ́ mi lẹ máa wà.